Ojú Òwú Nínú Kọ́bọ̀ Oníhò

Kọ́bọ̀ karùn-ún ni Fáòsíà ń wò nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, kó tó mọ ohun tó ń bí i nínú gan-an.

Àárọ̀ Sátidé ni. Ó jókòó sínú ìsọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní ọjà Kotobabi, ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Accra ń pè ní alata samina wà níwájú rẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán owó àtijọ́ ló wà lójú fóònù náà, kọ́bọ̀ oníhò láàárín, irú èyí tí òyìnbó ṣe kí Gánà àti Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ihò owó náà fi gba gbogbo ojú fóònù. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ní etí ihò náà, lápá òsì, ojú kan ti jẹ wọnú, bí ìgbà tí èèrà bá gé ewé jẹ. Ó padà sí kọ́bọ̀ kẹrin. Ó wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀kẹta, ó wo èkejì, ó sáré lọ wo ìkejìlá. Méjèèjìlá ló ní in, ìwọ̀n kan náà, apá òsì kan náà.

"Ẹni méjì lè ní àpá," ó sọ fún àwọn ọṣẹ iwájú rẹ̀, "ṣùgbọ́n ẹni méjìlá kì í ṣubú lórí òkúta kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn sì fi orúnkún kan náà gbà á."

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ló ń tà wọ́n ní gbàǹjo lórí Wasáàpù. Wọn kò ju igba ènìyàn lọ: àwọn kan ní Accra, àwọn kan ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn kan ní ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá ní owó láti tà á gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó bá fẹ́ ẹ á máa dá iye lé e, nígbà tí aago bá sì lù, ẹni tí iye rẹ̀ ga jù ló ni ín. Òfin kan ṣoṣo wọn tó le ni pé ẹni tó bá fura sí owó kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí gbàǹjo tó parí, kó sì fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn lójú gbogbo ènìyàn. Tí aago bá ti kọjá, ẹjọ́ ti tán.

Fáòsíà kò ní owó láti ra ohunkóhun níbẹ̀. Wíwò ló ń wò. Ó lè tẹjú mọ́ tọ́rọ́ kan títí yóò fi máa rí àwọn ọwọ́ tó ti kọjá lára rẹ̀, ọwọ́ ẹlẹ́ja, ọwọ́ aláṣọ, ọwọ́ ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó sì ń ronú àtifi ra gúgúrú. Nínú wíwò bẹ́ẹ̀ ló ti ń dá ayédèrú mọ̀. Àṣírí mọ́kàndínlógún ló ti tú, wọ́n sì ń pè é ní Ojú Àwòdì nínú ẹgbẹ́ náà. Láàárọ̀ yìí gan-an, Bàbá Àrówólò, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, ti kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀: "Ọmọ mi, ìkeje nínú àwọn kọ́bọ̀ yẹn wù mí. Ṣé kí n dá iye lé e?" Kò tíì dá a lóhùn.

Ẹni tó ń ta kọ́bọ̀ méjìlá náà kò fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ilé Ọlá Àtijọ́ ló pe ara rẹ̀. Ó ní inú àpótí báńkì àtijọ́ kan ní Jamestown, àdúgbò àtijọ́ ní Accra, ni wọ́n ti bá wọn, pé láti ayé òyìnbó, ọwọ́ ènìyàn kankan kò kàn wọ́n rí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni gbàǹjo yóò parí.

Ọwọ́ ènìyàn kò kàn wọ́n rí! Fáòsíà mọ ohun tó ń jẹ etí kọ́bọ̀ oníhò bẹ́ẹ̀. Òwú ni. Òwú tí wọ́n fi so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó ń rákò, tó ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, tó ń sáré, fún ọdún gbọọrọ. Ó sì mọ àwọn ẹsẹ̀ tó jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà nínú wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ìyá rẹ̀ àgbà, Ìdíátù, bí Àkànbí, bàbá Fáòsíà. Lẹ́yìn Àkànbí, ọmọ méjì kú tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tó wá bí Kàsímù, wọ́n so kọ́bọ̀ oníhò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kí ilẹ̀ lè mọ̀ pé wọ́n ti san owó ọmọ yìí, kó má bèèrè rẹ̀ mọ́. Kàsímù dúró. Ọdún tí wọ́n ní kí àwọn àjèjì kó kúrò ní Gánà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà pẹ̀lú kọ́bọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀. Aṣọ ṣòfò lójú ọ̀nà, ọṣẹ ṣòfò, ìkòkò àti abọ́ ṣòfò. Kọ́bọ̀ yẹn nìkan ló bá wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà ló sì bá wọn padà sí Lagos Town, àdúgbò wọn ní Accra, nígbà tí ìlú rọ̀. Bùkọ́lá, ẹ̀gbọ́n Fáòsíà, wọ̀ ọ́. Fáòsíà náà wọ̀ ọ́ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì máa ń fi èékánná wá ojú òwú yẹn kiri nínú ihò náà kó tó sùn.

Ní báyìí, Bùkọ́lá, tí oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ lára, bí ọmọkùnrin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ, Ìyá Àgbà sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọwọ́ òun ni yóò so kọ́bọ̀ yẹn mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ kí òun tó kú.

Ẹnìkan ti fi kọ́bọ̀ ilé wọn ṣe ìyá, ó sì ti fi bí ọmọ àlè méjìlá. Ó kéré tán, ìyá náà wà nílé, nínú àpótí Ìyá Àgbà. Àbí kò sí níbẹ̀? Fáòsíà da aṣọ bo ọṣẹ, ó sì wọ trotro, ọkọ̀ èrò kékeré, tó ń lọ sí Lagos Town.

Ìyá Àgbà ń kírun lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Fáòsíà kò dúró. Ó ṣí àpótí náà, ó tú aṣọ ìró àtijọ́, ó rí àpò kékeré tí kọ́bọ̀ náà wà, ó sì jẹ́ kó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ojúlówó máa ń ké ṣín bí agogo ọmọdé. Èyí ké pọ̀, bí ìdérí ìgò.

"Kí lò ń wá nínú àpótí mi?" Ìyá Àgbà ti sálámà tán, ó yíjú padà lórí ẹní. "Ṣé mo ti kú tí ẹ ti ń pín ogún ni?"

Fáòsíà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Kọ́bọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ta lẹ gbé e fún?"

"Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò tíì pé."

"Kò sí ẹni tó yá a rárá?"

"Àbúrò bàbá yín nìkan ni, nígbà ààwẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan mọ owó àtijọ́, òun fẹ́ fi hàn án. Ọjọ́ kẹta ló dá a padà. Ó tiẹ̀ bá mi fọ̀ ọ́. Ṣé o ò rí bó ṣe ń dán bíi ṣíbí tuntun?"

Àbúrò bàbá wọn. Kàsímù. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ so ó. Bàbá Kékeré ni Fáòsíà ń pè é láti kékeré, nígbà tí bàbá rẹ̀ sì kú, òun ló jókòó sórí àga bàbá.

Fáòsíà rántí. Alẹ́ ìṣínu kan ni, ẹnu rẹ̀ ló sì tú u. Ó ti fi gíláàsì wo kọ́bọ̀ náà, ó sì rí i pé ẹ̀rọ òyìnbó ṣe àṣìṣe lára rẹ̀: orúkọ ọba kan ló wà lójú, àmì tó wà lẹ́yìn kò sì bá àsìkò ọba náà mu. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé, ó ní àwọn òyìnbó kan lè sanwó mọ́tò lórí rẹ̀. Bàbá Kékeré ń jẹ kóósé, àkàrà àwọn ará Accra, lọ́wọ́ nígbà náà. Ó dáwọ́ jíjẹ dúró. Ògiri ló lanu, alángbá sì wọ ibẹ̀. Ògiri ọ̀hún sì ni òun Fáòsíà. Èyí dá kún ìbínú rẹ̀.

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán. Ó fa òwú kan yọ láti etí ìró rẹ̀, ó tì í bọ inú ihò kọ́bọ̀ náà, ó sì fà á lọ, ó fà á bọ̀ lójú ibi tó jẹ wọnú yẹn. Òwú náà hu irun. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó já.

"Èyí kọ́," ó ní. "Tèmi máa ń gbé òwú mì bí ẹni gbé ẹ̀kọ mì. Ẹnu èyí ní yanrìn." Ó yí kọ́bọ̀ náà padà. "Kí lo ní wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí."

"Ọwọ́ tèmi ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ gbọn àwo orí tábìlì. "Ṣé pátákò ewúrẹ́ ni mo fi so ó? Gbé ìbòrí mi wá."

Ìsọ̀ Kàsímù wà létí ọ̀nà ní Kotobabi, kò jìnnà sí ọjà. Fóònù ló ń tún ṣe, ó sì ń ta àpò rẹ̀ àti okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí i. Naa Dedei, obìnrin Gà tó ń ta kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Accra, ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì ti gbọ́ Yorùbá tó láti fi bú ènìyàn. Aago méjì ti lù nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Kàsímù rí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí jàlàbíà òun rún.

"Màmá! Nínú oòrùn yìí? Ẹ̀ bá pè mí lórí fóònù."

"Mo gbọ́ pé o bímọ méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," Ìyá Àgbà sọ, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n tì fún un. "O ò pè mí síkómọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Kàsímù. Ó wo Fáòsíà, tó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà bí ó ṣe yẹ.

"Ìwọ lo gbé ẹjọ́ mi lọ sílé."

"Ẹ kú ọjà, Bàbá Kékeré," Fáòsíà sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kọ́bọ̀ wa wà?"

"Kọ́bọ̀ yín? Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n so ó mọ́ kẹ́yin tó dé ayé? Tèmi ni. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ jẹ ẹ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo fi jẹ ẹ́ padà. Ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀, kó lọ tún inú ìyá rẹ̀ wọ̀."

"Àwọn mọ́kànlá tó kù ńkọ́, ẹsẹ̀ ta ló jẹ wọ́n? Ẹ̀yin ni ẹ ní ẹsẹ̀ mọ́kànlá ni, sà?"

Naa Dedei bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìkòkò kẹ́ńkè rẹ̀. Kàsímù ti ìlẹ̀kùn kù díẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Gbọ́, Fáòsíà. O ti dàgbà. Ọkùnrin kan ní Jamestown tó ń da irin ló bá mi ṣe wọ́n. Àwọn òyìnbó yẹn ni yóò rà wọ́n. Kí lo fẹ́ sọ fún òyìnbó, pé ẹsẹ̀ ẹnìkan wà nínú ihò? Chale, ọ̀rẹ́, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́? Ojúlówó wà lọ́wọ́ mi. Ìkeje ni. Wákàtí méjì ló kù. Má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Tí aago mẹ́rin bá lù, màá mú ìkeje fún ọ, màá fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹni tó bá rà á. Ọmọ Bùkọ́lá á wọ kọ́bọ̀, gbogbo wa á jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n tó o bá kọ ọ́, gbogbo wọn ni màá dà sínú òkun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojúlówó àti ayédèrú. Kí o wá máa wẹ̀ lọ wá a."

Fáòsíà dìde kúrò lórí orúnkún. Ìkeje. Bàbá Àrówólò ṣì ń dúró de èsì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ Bùkọ́lá tí kò gùn ju ìka rẹ̀ lọ, ó sì rí bàbá arúgbó náà tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra irin lásán nítorí pé Ojú Àwòdì kò ké. Ohun tó bí i nínú jù ni pé ọkùnrin yìí ti gbé méjèèjì lé òun lórí, ó wá ká ọwọ́ gbera, ó ń súfèé. Tó bá ké, ó pàdánù kọ́bọ̀. Tó bá dákẹ́, ó ti di olè kẹta pẹ̀lú wọn.

"Ẹ jẹ́ kí a rí ìkeje náà ná," Ìyá Àgbà sọ.

Kàsímù gbé agolo bísíkíìtì kan jáde láti abẹ́ tábìlì. Kọ́bọ̀ méjìlá wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú bébà tirẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára wọn. Gbogbo wọn ló ń kọ mànà. Ó mú ìkeje fún ìyá rẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọdé ní súìtì.

Ìyá Àgbà fa òwú yọ. Ó tì í bọnú ihò, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Òwú náà já.

"Ọmọ àlè ni," ó ní.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀." Kàsímù gba kọ́bọ̀ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Mo sàmì sí i. Lẹ́yìn tí mo fọ̀ wọ́n tán ni mo…"

"Ẹ fi kí ni fọ̀ wọ́n?" Fáòsíà bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú. Kí wọ́n lè dán bákan náà. Ta ni yóò ra owó dúdú?"

Bí gbogbo ọmọ ọlọ́jà ṣe ń ṣe sí abọ́ idẹ nìyẹn. Ọjà tó bá dán ló ń tà. Nínú ẹgbẹ́ náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé dúdú ara owó àtijọ́ ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀, pé ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti họ awọ rẹ̀. Bàbá Kékeré ti họ ọ́ pẹ̀lú àwọn mọ́kànlá nínú abọ́ kan ṣoṣo, ó sì fi ojú ìfẹ́ owó yan ọ̀kan nínú wọn. Ojúlówó tó fi ń dúnàádúrà pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé, òun gan-an kò mọ ọ̀kan tó jẹ́. Ì bá ti so irin Jamestown mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà kó sì máa rẹ́rìn-ín jẹ ìrẹsì.

"Gbé agolo náà wá," Ìyá Àgbà pàṣẹ.

Ó tò wọ́n sórí itan. Èkíní hu irun òwú. Èkejì já a. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, bákan náà. Naa Dedei ti fi ìkòkò sílẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí gbọọrọ lọ́wọ́.

"Ei, Alata, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá! Ẹ ń fi òwú fọ eyín owó ni?"

"Owó tó jẹ ẹran tí kì í ṣe tirẹ̀ la ń fọ eyín rẹ̀," Ìyá Àgbà dá a lóhùn, kò gbójú sókè. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà. Ìkẹjọ.

Nígbà tó fa òwú nínú ìkẹsàn-án, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òwú náà wọ ojú rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó dé ilé. Ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Irun kan kò hù. Ìyá Àgbà pa ọwọ́ dé.

"Ó ti bọ́ sí i!" Kàsímù pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ ṣeun! Ẹ wò ó, ẹ gbé e wá kí n yára yí nọ́ńbà wọn padà kó tó di aago mẹ́rin."

Fáòsíà rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ní ẹ máa fún wa."

"Tí aago mẹ́rin bá lù ni mo wí. Ó sì jẹ́ tèmi, mo ti sọ ọ́ fún yín. Màmá, ẹ gbé e wá."

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ tó nà sí i. Lẹ́yìn náà ó fa òwú tuntun yọ, gígùn èyí, ó wé e po ní méjì, ó sì lọ́ ọ pọ̀.

"Ó dáa. Tìrẹ ni. Na ẹsẹ̀ ọ̀tún wá."

"Màmá?"

"Owó ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó ni ín ló ń wọ̀ ọ́. Na ẹsẹ̀ wá kí n so ó. Kí o wọ̀ ọ́ jókòó sínú ìsọ̀ yìí, kí o wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀, kí o wọ̀ ọ́ wọlé tọ ìyàwó rẹ. Mo san án nítorí rẹ nígbà tí ilẹ̀ ti gba méjì lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ gba owó náà padà, èmi fúnra mi ni màá so ó mọ́ ọ. Na ẹsẹ̀ wá, Kàsímù."

"Kasim, na ẹsẹ̀!" Naa Dedei ké. "Ẹsẹ̀ rẹ á dùn ún wò!" Obìnrin méjì tó wá ra kẹ́ńkè ti dúró tì í, wọ́n ń na ọrùn.

Kàsímù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo àwọn obìnrin náà, ó wo òwú tó ń fì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ máa mú un lọ," ó ní. "Ẹ máa mú un lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán báyìí?"

"Ó ti tán," Ìyá Àgbà sọ. Ó rẹ̀ ẹ́ lójijì. "Fáòsíà, ó ti tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Àwọn kọ́bọ̀ mọ́kànlá tó kù ṣì wà lórí itan Ìyá Àgbà, wọ́n ń dán. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Fáòsíà kò rìn. Ó mú ìkeje, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ọwọ́ yín fún mi."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ké fi ìdí rẹ̀ hàn. Ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín."

"O ya wèrè ni?" Kàsímù dìde. "A ti gbé e fún yín! Ẹbí kan náà ni wá! Tó o bá kọ orúkọ mi síbẹ̀, má wá mi mọ́. Bàbá rẹ ti kú, Fáòsíà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ so yìgì rẹ, ta ni yóò jókòó fún ọ bíi bàbá? Ta ni?"

"Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín mọ́kànlá, Bàbá Kékeré," Fáòsíà sọ. "Wọ́n kéré, wọ́n nílò bàbá jù mí lọ."

Naa Dedei fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wá ojú kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ojú náà. Ó dà bíi pé ó ń retí kó sọ nǹkan kan, ohunkóhun, fún òun. Ṣùgbọ́n fóònù Fáòsíà ni Kàsímù ń wò.

Ìyá Àgbà ṣí ọwọ́.

Fáòsíà ya àwòrán náà: kọ́bọ̀ kan nínú àtẹ́lẹwọ́ tó ti wú, tó ti sán, ìkeje ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òwú tó já nínú ọ̀kan, òwú tó ń dán nínú èkejì. Ó to àwòrán ihò méjèèjìlá tẹ̀lé e. Ó kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé ojú òwú kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn, pé ẹsẹ̀ ọmọ mẹ́ta ní Lagos Town ló jẹ ẹ́ láàárín ọdún púpọ̀, pé ìyá wọn nìyí lọ́wọ́ ẹni tó so ó, kì í ṣe títà. Ó kọ ọ́ pé Kàsímù Àjàlá, àbúrò bàbá òun, ló ni Ilé Ọlá Àtijọ́. Orúkọ tirẹ̀ náà ni, Àjàlá. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Kò pẹ́ rárá. Alága ẹgbẹ́, Dìákónì Olúbáyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan níbẹ̀ ní Accra, kọ ọ́ sókè pé, "Mo ti rí i. Gbàǹjo náà ti dúró." Bàbá Àrówólò kò kọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ni fóònù Kàsímù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn mẹ́ta tó ń tún ṣe fún oníbàárà, tí wọn kò lè dún.

"Pa á rẹ́," Kàsímù sọ. Ó ti jókòó padà. "Fáòsíà, jọ̀ọ́. Mo ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan. Jọ̀ọ́, pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ọ́."

Láyé rẹ̀, Fáòsíà kò gbọ́ kí ọkùnrin yìí bẹ ẹni tó kéré sí i rí. Nínú trotro lọ́sàn-án, ó ti rò ó pé tí òun bá gbọ́ ọ, inú òun á rọ̀, bí omi tútù lórí iná. Ó ti gbọ́ ọ báyìí. Iná náà kò kú. Fóònù ni ọkùnrin náà ń bẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ lórí àpótí, ẹni ọgọ́rin ọdún tó rin oòrùn wá, kò sì wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹni tí ẹ máa bẹ̀ jókòó síbẹ̀ yẹn," ó ní.

Kàsímù yíjú. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti ń dìde, ó ti fi òwú náà bọ kọ́bọ̀, ó sì ti so ó mọ́ etí ìró rẹ̀ ní kókó mẹ́ta. Fáòsíà dì í lápá mú. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Naa Dedei kọjá, obìnrin náà sì yà fún wọn.

Wọ́n ti dé etí ọ̀nà kí Ìyá Àgbà tó lanu.

"Kọ́bọ̀ yìí ni mo fi bẹ Kàsímù kó dúró láyé," ó ní, "ó sì dúró."

Fáòsíà na ọwọ́ dá trotro tó ń bọ̀ dúró, ó sì ti ìyá rẹ̀ àgbà wọlé ṣáájú.